Èènì Orí Ápù

Tómi, gbé àgbàdo yẹn sún mọ́ mi, jẹ́ kí n wò ó. Hẹ̀ẹ́n. Ẹ wò ó nínú ọ̀rá: wọ́n ti bó o, wọ́n gé e nídìí, wọ́n gé e lórí, gbogbo ẹ̀ gùn dọ́gba bí ọmọ iléèwé tó tò lórí ìlà. Oṣù wo la wà yìí? Yìnyín wà lára gíláàsì mọ́tò níta, ẹ̀yin ẹ ń jẹ àgbàdo. Mi ò bínú o. Ẹ máa jẹ. Mo kàn ń wò ó ni, torí pé nígbà tiwa, àgbàdo mọ oṣù tirẹ̀, àwa náà sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ ìyá yín àgbà fún yín, bó ṣe rí kí àìsàn tó dé. Ó dáa. Àgbàdo yìí náà la ó gbà débẹ̀, torí pé òun ló kọ́kọ́ mú un dé ibi tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìyá Bùnmi lèmi ń pè é, ẹ̀yin sì mọ Bùnmi: ìyá Tómi ni, tó ń fi ojú burúkú wò mí láti kíṣìnnì báyìí torí ó mọ ibi tí ìtàn yìí máa kàn án.

Níbi tí ẹ ti ń rí àwọn ilé tuntun yẹn lápá Eastbrook, ní Dagenham wa níbí, àwọn tó ní fèrèsé gàgàrà, oko ló wà níbẹ̀. Bí ewé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n lórí igi, tí òtútù àárọ̀ ti ń mú èèyàn nímú, àwọn tó ni oko yẹn á ṣí àká ńlá kan sílẹ̀ ní gbogbo Sátidé, wọ́n á to ohun tí wọ́n kó lóko síbẹ̀ fún títà. Páànù ni òrùlé ẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, kí kálukú máa fọwọ́ júwe ohun tó fẹ́ rà ni. Ohùn tó kọ́kọ́ máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ni ti ápù tí wọ́n ń dà sínú àpótí onígi, gbì, gbì, gbì. Lẹ́yìn náà, ìwọ̀n onírin, tó máa ń dún kọ̀ọ̀ bí wọ́n bá sọ pòtétò sí i. Katakata bàbá olóko á wà lókèèrè, á máa húkọ́.

Erùpẹ̀ máa ń wà lára pòtétò nígbà yẹn. Ewé máa ń wà lórí kárọ́ọ̀tì. Ápù oríṣiríṣi ló wà, òmíràn dùn, òmíràn kan débi pé ojú èèyàn á fún pọ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, kí pòtétò tó délé yín ó ti wẹ̀ tán. Ọ̀kan nínú yín rí iyẹ̀pẹ̀ lára ọ̀kan lọ́jọ́sí, ó ní, "Grandpa, ó ti bàjẹ́." Mi ò dárúkọ ẹni náà, ó jókòó síbí.

Bọ́ọ̀sì ló gbé Ìyá Bùnmi ṣìnà tó fi rí ibẹ̀. Ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì tí kì í ṣe tiwa, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń tòògbé. Ìgbà tó lajú, àgbàdo ló rí, lóòró, pẹ̀lú irùkẹ̀rẹ̀ lórí, ilẹ̀ lọ súà. Ó ní òun ò mọ ìgbà tí òun tẹ agogo. Awakọ̀ ní, "Màmá, kò sílé níbí o." Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣílẹ̀kùn." Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni kì í jẹ́ ká rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìyá Bùnmi rìn jìnnà, àgbàdo ló rí, ó sì dé ilé pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó ń rẹ́rìn-ín nìkan.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó fà mí dání. Àgbàdo tí wọ́n ń tà nínú àká yẹn rọ̀, ó sì dùn bíi ṣúgà. Ìyá Bùnmi fi èékánná tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ wò nílé, omi ẹ̀ ta sí i lójú. Ó ní, "Èyí ò tíì gbó. Ọmọ ọwọ́ lẹ ń tà." Ìyàwó olóko ló ń tajà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í bọ́ bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Àwa sọ ọ́ ní Ìyá Alápù. Ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìyá Bùnmi nawọ́ sí pápá: "Èyí tó wà lọ́hùn-ún ńkọ́?" Ó ní ti màlúù nìyẹn. Ìyá Bùnmi ní, "Òun gan-an ni mo fẹ́."

Wọ́n lọ pe bàbá olóko, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí mo rò pé ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó wò wá. Ó ní, "Màlúù mélòó lẹ ní?"

Ìyá Bùnmi ní, "Mẹ́rin. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ń lọ sí sẹ́kọ́ńdírì."

Bàbá olóko ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ, ó já àgbàdo kún àpò fún wa. Bùnmi, ìwọ ni màlúù yẹn o, dákẹ́ síbẹ̀. A sè é títí gáàsì fi fẹ́ẹ̀ tán. Eyín wa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì dùn. Èyí tó kù, ìyá yín àgbà lọ̀ ọ́, ó fi ṣe àbàrí, gbogbo ilé ń rùn fìn-ìn bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ nílé.

Elégédé náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ń gbẹ́ ojú àti eyín sí i lára, ẹ ń tanná sínú ẹ̀, ẹ ó wá sọ ọ́ sí ààtàn. Àwa jẹ tiwa. A tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ ká já ọ̀mùnú ewé ẹ̀ fi se ọbẹ̀ gbọ̀rọ̀, wọ́n sì wò wá bí ẹni tó ní òun fẹ́ jẹ ògiri. Ọjọ́ kan ni Ìyá Bùnmi gbé ọ̀kan tó tóbi bí ìkòkò wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé e sẹ́sẹ̀. Awakọ̀ tẹ búréèkì. Elégédé bá yí, ó gba àárín àga lọ, gbirigbiri, ó lọ kan ilẹ̀kùn awakọ̀. Ìyá yín dìde, ó ń ké pé, "Ẹ bá mi mú un, ẹ má jẹ́ kó bọ́ọ́lẹ̀!" Òyìnbó méjì dìde lóòótọ́, wọ́n bá a mú un. Mi ò sọ pé ayé àtijọ́ dára jù. Òtútù pọ̀ nínú ẹ̀, àga bọ́ọ̀sì sì le. Bó ṣe rí ni mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ èènì, torí òun ni mo ti ń bọ̀ wá sọ. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ẹ̀rọ lẹ ń sanwó fún ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹ lè má mọ èènì. Ẹ̀rọ yẹn kì í fún èèyàn ní nǹkan kan. Bí ẹ bá gbọ́wọ́ lé ibi tí kò fẹ́, á lọgun. Nílé, bí o bá ra nǹkan tán, ẹni tó tà á á fi díẹ̀ lé e: ẹ̀kúnwọ́ gààrí, ata méjì, ẹyọ ọsàn kan. Èènì nìyẹn. Bí o bá ti wá di oníbàárà ẹ̀, o lè nawọ́ mú un fúnra ẹ, lójú ẹni tó ń tajà, kí o sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo ayé gbọ́. Ìyá tó bí Ìyá Bùnmi, gààrí ló tà ní Ìjẹ̀bú títí ó fi dolóògbé, èènì ẹ̀ ló sì fi gbayì. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń wá rà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á fo àwọn ìsọ̀ mìíràn kọjá.

Nínú àká yẹn, ẹfun ni wọ́n fi ń kọ iye owó sára pátákó, kò sí ìnájà. Ìyá Bùnmi ní òun gbà, ìlú wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé èèyàn ò ní í fún èèyàn ní èènì ni? Lọ́jọ́ kan tó sanwó ápù tán, ó sọ fún Ìyá Alápù pé kó fi nǹkan díẹ̀ lé e. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó mi orí bí ẹni tó gbà. Ẹ̀yin mọ̀ pé òyìnbó lè rẹ́rìn-ín kó mi orí kó má sì gbà. Ìyá yín ò tíì mọ ìyẹn nígbà náà. Ó mú ápù kan, ó fi lé ti inú àpò ẹ̀, ó ní, "Mo mú èènì mi o, ẹ ṣé o!" Ìyá Alápù juwọ́ sí i pé ó dàbọ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ló ń mú ápù kan, gbogbo Sátidé ló ń pariwo ẹ̀, Ìyá Alápù sì ń juwọ́. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ ti wọ̀.

Ó wá di ọdún tí wọ́n fi Ìyá Bùnmi ṣe Ìyá Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òun ni yóò gbé agbọ̀n àkọ́so síwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ á sì tẹ̀ lé e. Ó ti ń wo ipò yẹn láti ìgbà tí ẹ̀yin ò tíì sí láyé. Ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀, a lọ ra ápù tí yóò fi kún agbọ̀n. Lọ́jọ́ yẹn, àbúrò ọkọ Ìyá Alápù wà níbẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan tí a ò rí rí. Ìyá Bùnmi sanwó tán, ó mú èènì ẹ̀, ó sì pariwo ẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ọkùnrin náà dì í lápá aṣọ mú.

Ó ní, "Mo rí ọ! O mú un lẹ́yìn tí o sanwó tán!"

Ìyá Bùnmi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà wo ni wọ́n máa ń mú un?"

Ọkùnrin náà wò mí, ó wò ó, ó ní, "Olè."

Ìyá Bùnmi ní, "Èmi? Olè wo ló ń kígbe tó bá mú nǹkan?" Mo gbé pòtétò tó wà léjìká mi sọ̀ kalẹ̀, mo ń ṣàlàyé, àmọ́ nígbà tí èèyàn bá ń fi òyìnbó ṣàlàyé nínú ìbínú, ọ̀rọ̀ kì í jáde ní títò. Ìyá Alápù sáré dé. Ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní òun ti ń rí i tó ń mú ápù, òun rò pé ó wà lára èyí tó sanwó fún ni. Kò pè é lólè o. Ohun tó sọ ni pé, "Bóyá kí ẹ má wá síbí mọ́."

Ìyá Bùnmi yọ ápù náà nínú àpò, ó gbé e lé orí ìwọ̀n, ó jáde. Nígbà tí a délé, ó ní, "Ìyá mi ń fún gbogbo ayé ní èènì. Èmi ni wọ́n pè ní olè èènì." Ó wá sunkún. Ìgbà tí mo rí omi lójú obìnrin yẹn ò pọ̀.

Ìyá Kẹ́mi, ọmọ ìjọ wa kan, dúró nídìí kábéèjì nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí ìsìn tó parí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọ̀rọ̀ ti dé etí àwọn tí ò mọ ojú ọ̀nà oko yẹn. Bàbá Àlùfáà pè wá sẹ́yìn. Ó ní, "Màmá, a ò sọ pé ẹ jalè o. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa gbé àkọ́so síwájú Ọlọ́run, kò yẹ kí wọ́n máa fọwọ́ júwe ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yìí ò bá yanjú kó tó di Ìkórè, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e." Ìyá Bùnmi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, bàbá." Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìyẹn. Ìgbà tó bá kan èèyàn lèèyàn ń mọ̀ pé òótọ́ ni.

Èmi ní ká gbàgbé ọjà yẹn, ápù wà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Heathway. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Bàbá Bùnmi, bí ẹ̀gún bá gún ni lẹ́sẹ̀, ọ̀dọ̀ ta là ń lọ?"

Mo ní, "À á ṣe lákàálákà tọ ọlọ́bẹ lọ ni."

Ó ní, "Ó dáa. Ẹ múra."

Sátidé tó ṣáájú Ìkórè ni. Ó yan ẹ̀pà, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó mú agolo mílíìkì kan tó ti ń fi wọn ìrẹsì láti ọjọ́ pípẹ́. A kọ́kọ́ yà nílé Ìyá Kẹ́mi. Ìyá Bùnmi ní, "Gbé gèlè, ká lọ. Ojú ẹ ló rí tàkọ́kọ́, ojú ẹ náà ló máa rí èyí." Ìyá Kẹ́mi ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ìyá Bùnmi ní, "Ẹsẹ̀ ò dùn ọ́ nígbà tí o ń gbé ọ̀rọ̀ mi kiri Dagenham." Ó gbé gèlè.

A dé àká. Onírùngbọ̀n pupa rí wa, ó ń bọ̀. Ìyá Bùnmi ò wo ọ̀dọ̀ ẹ̀ rárá. Ó gbé ìgò ẹ̀pà àti agolo ka orí tábìlì, láàárín ápù, ó sọ fún Ìyá Alápù pé, "Ra ẹ̀pà lọ́wọ́ mi." Àwọn èèyàn ti dúró, wọ́n ń wò. Ìyá Alápù ò mọ ohun tí yóò ṣe, ó mú owó kékeré kan jáde nínú àpò éépúrọ́ọ̀nù ẹ̀. Ìyá Bùnmi wọn ẹ̀pà kún agolo, ó fi ọwọ́ gé orí ẹ̀ kó tẹ́jú, ó dà á sínú ọ̀rá, ó gbé e fún un. Ó ní, "Owó ẹ nìyẹn. Mi ò rẹ́ ọ jẹ. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Ìyá Alápù ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá Bùnmi wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fi lé e. "Èyí, owó ẹ ò rà á. Ó ń sọ fún ọ pé: mo rí ọ, padà wá. Ìyá mi ló kọ́ mi. Òun ni mò ń mú níbí ní gbogbo Sátidé, tí mo sì ń pariwo ẹ̀, torí mo rò pé ìwọ náà ń sọ ọ́ fún mi."

Obìnrin yẹn wo inú ọ̀rá ẹ̀pà náà pẹ́. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí kán lórí páànù. Ó wá sọ pé ìyá tó bí ìyá òun, búrẹ́dì ló ń ṣe tà. Pé bí èèyàn bá ra méjìlá, á fi ẹyọ kan lé e, kò sì sẹ́ni tó ń ṣe é mọ́. Ó ní òun ti gbàgbé. Ó yíjú sí àbúrò ọkọ ẹ̀, ìyẹn ń wo pòtétò. Ó wá lọ sídìí àpótí ápù. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò mú kékeré, kò mú èyí tó lọ́gbẹ́. Ó gbé e lé àpò Ìyá Bùnmi lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Mo rí ọ. Padà wá."

Ìyá Kẹ́mi ní, "Yéè! Ọlọ́run mi o!" Kó tó di alẹ́, ó ti ròyìn ẹ̀ yíká, ó yára ju ti ìṣáájú lọ. Mi ò bínú sí i. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìyá yín ló gbé agbọ̀n lọ́jọ́ Ìkórè yẹn. Bàbá olóko ti fún wa ní pòròpórò àgbàdo màlúù, a so ó mọ́ gbogbo òpó gbọ̀ngàn tí a fi ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ń rùn bí oko. Ápù wà lókè agbọ̀n. Ó ń jó, aṣọ funfun ẹ̀ ń fẹ́, agbọ̀n ò mì. Nísinsìnyí, agolo tòmátì àti ìrẹsì àpò lẹ fi ń ṣe Ìkórè. Ó dáa náà. Ọlọ́run ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ìrẹsì. Àmọ́ agolo kì í rùn.

Láti ìgbà náà, Ìyá Bùnmi ò nawọ́ mú èènì fúnra ẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ìyá Alápù ló ń gbé e fún un, bí ewé bá ti pọ́n títí òtútù á fi lé wọn wọlé. Á gbé ápù kan lé e, á ní, "Mo rí ọ. Padà wá." A padà wá lọ́dọọdún. Àwọn méjèèjì darúgbó sídìí ìwọ̀n yẹn.

Ọdún tí ìyá yín àgbà kú, ewé ń pọ́n lọ́wọ́. Mo nìkan lọ sọ́jà oko ní Sátidé kan, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ rà. Wọ́n ti kan pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà pé wọ́n ti ta ilẹ̀. Ìyá Alápù di ápù fún mi bó ṣe máa ń dì í fún wa, ó ń wo ẹ̀yìn mi, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Òun dà?" Mo sọ fún un. Ó jókòó sórí àpótí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó yẹ ápù wò bó ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé ọ̀kan lé àpò mi. Ó ní, "Mo rí ọ." Kò sọ ìyókù, torí pé ní Sátidé tó ń bọ̀ wọ́n á ti ti ilẹ̀kùn àká. Ó tún mú òmíràn.

Mo ní, "Màmá, èènì kì í jẹ́ méjì."

Ó ní, "Tirẹ̀ nìyí. Bá mi gbé e fún un."

Mo gbé e lọ sí itẹ́ òkú, mo gbé e lé orí ibojì, mo dúró díẹ̀, òtútù mú mi, mo wálé. Ìgbà tí mo padà lọ, ọ̀kẹ́rẹ́ kan jókòó síbẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ kan ìdí. Ó wò mí, ó fẹ́ sá. Mo ní kó jókòó, kó jẹun, pé ẹni tó ni ín kì í bá ẹnikẹ́ni du èènì.